Ìwé Ìyá Kúdẹtì: Ta Ni Tálákà Inú Rẹ̀?

Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè. Òwe yìí ni ó wá sí wa lọ́kàn nígbà tí a tún ka ìwé tí à ń pè ní Seventeen Years in the Yoruba Country, èyíinì ni Ọdún Mẹ́tàdínlógún ní Ilẹ̀ Yorùbá. Ó rọrùn fún olùkọ́ láti fi ìwé yìí kọ́ àwọn ọmọ pé obìnrin òyìnbó kan wá, ó fún àwọn tálákà ní oúnjẹ àti ẹ̀kọ́, ó sì padà lọ. Òtítọ́ ni, ṣùgbọ́n ìdajì òtítọ́ ni. Ẹni tí ó bá fara balẹ̀ kà á yóò rí i pé ìwé náà sọ ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Àkójọ lẹ́tà àti ìwé-ìrántí Anna Hinderer ni. Ní Norfolk, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ni a bí i ní 1827. Ní 1852 ni David Hinderer gbé e níyàwó, ẹni tí í ṣe ará Württemberg ní Jámánì, tí ó sì jẹ́ òjíṣẹ́ C.M.S. Ní 1853 ni àwọn méjèèjì wọ Ìbàdàn, wọ́n sì tẹ̀dó sí Kúdẹtì. Ní 1869 ni wọ́n fi ìlú náà sílẹ̀. Obìnrin náà sì kú ní 1870. Lẹ́yìn ikú rẹ̀ ni àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ kó àwọn ìwé rẹ̀ jọ, a sì tẹ̀ wọ́n ní London ní 1872.

Ibi tí ìwé náà ti dára jù ni ibi tí ó ti ń sọ nípa ilé. Tọkọtaya náà kò bímọ, ṣùgbọ́n ọmọ kún ilé wọn. Èyí kò sì rọrùn, nítorí ìlú jagunjagun ni Ìbàdàn, àwọn òbí sì ń bẹ̀rù pé ìwé kíkà yóò sọ ọmọ wọn di ojo. Nínú àwọn tí ó kọ́kọ́ gbójú gbóyà ni olóyè Olúńlọ́yọ̀ó, ẹni tí ó fi Yéjídé àti Akínyẹlé ọmọ rẹ̀ lé wọn lọ́wọ́. Ìyá ni àwọn ọmọ ń pe obìnrin náà. Nínú lẹ́tà rẹ̀ kì í ṣàlàyé ohun tí ìfẹ́ jẹ́. Iṣẹ́ òòjọ́ ni ó ń sọ, ọmọ tí a ń kọ́, aṣọ tí a ń rán, orin tí a ń kọ, àti ibà tí ó ń dá òun àti ọkọ rẹ̀ dùbúlẹ̀ léraléra. Bí a ti ń kà á ni a ń rí ìfẹ́ náà fúnra wa.

Nígbà náà ni ogun dé. Ní 1860 Ìbàdàn gbógun ti Ìjàyè, àwọn Ẹ̀gbá sì gbè sẹ́yìn Ìjàyè. Ọ̀nà Abẹ́òkúta dí, Ìjẹ̀bú pẹ̀lú sé ọ̀nà tiwọn. Ìjàyè fọ́ ní 1862, síbẹ̀ ọ̀nà kò là. Owó àti ẹrù kò ti etíkun wá mọ́. Ẹ̀wà ni ilé náà ń jẹ, a sì ń wọ̀n ọ́n, iyọ̀ tán, wọ́n ta ohun èlò ilé, títí dé páànù tí ó wà nínú àpótí. Ní 1865 ni Glover tí ń ṣàkóso Èkó rán Ọ̀gágun Maxwell gba inú igbó wá. Òru ni ó dé. Nítorí àìlera rẹ̀, Ìyá ní láti bá a lọ ní ọjọ́ kejì, ọkọ rẹ̀ sì dúró ti ìjọ.

Ẹ jẹ́ kí a béèrè níhìn-ín: ta ni ó gbin ẹ̀wà náà? Ta ni ó ra páànù náà? Kì í ṣe àwọn ọ̀rẹ́ tí ó wà ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Oko Ìbàdàn ni oúnjẹ náà ti wá, ọjà Ìbàdàn ni owó rẹ̀ ti wá. Àwọn tí ó wá ṣàánú fún tálákà di akúùṣẹ́, ìlú tí wọ́n wá ràn lọ́wọ́ ni ó sì gbé wọn ró. Lójú tiwa, èyí ni ọkàn ìwé náà. Ṣùgbọ́n àwọn tí ó kó o jọ kò tẹnu mọ́ ọn tó.

Àléébù ìwé náà sì nìyẹn. Sí àwọn tí ń gbàdúrà tí wọ́n sì ń dáwó ni a kọ lẹ́tà wọ̀nyí, nítorí náà òkùnkùn ìlú pọ̀ nínú rẹ̀ ju ìwà rere àwọn aládùúgbò lọ. Àwọn orúkọ wa kò bọ́ sí i dáadáa: Akielle ni a kọ fún Akínyẹlé. Èyí tí ó dùn wá jù ni ti Daniel Olúbí, ọmọ Ẹ̀gbá tí ó bá wọn gbé, tí ó bá wọn jìyà, tí ó sì gba ìjọ náà tọ́jú nígbà tí wọ́n lọ. Òun pẹ̀lú kọ ìwé-ìrántí ránṣẹ́ sí C.M.S.; síbẹ̀ nínú ìwé yìí ojú Ìyá nìkan ni a fi ń rí i, a kò gbọ́ bí òun ti rí Ìyá. A kò dá obìnrin náà lẹ́bi, nítorí ẹni tí ń kọ lẹ́tà sí ọ̀rẹ́ kò mọ̀ pé ayé yóò kà á. Àwọn tí ó sọ ọ́ di ìwé ni ì bá ti wá ẹnu kejì.

Kí ni èyí jẹ́ fún àwa olùkọ́? Bí a bá rán wa lọ sí abúlé, a óò rò pé àwa ni a ní, àwọn ni kò ní. Ṣùgbọ́n bí oṣù bá parí tí owó kò dé, iṣu ta ni a óò jẹ? Omi tí ọmọ ta ni pọn ni a óò mu? Ẹ jẹ́ kí a ka ìwé Ìyá Kúdẹtì fún àwọn ọmọ wa, nítorí ìwé rere ni. Nígbà tí ó bá sì kan àwa náà láti kọ ìròyìn iṣẹ́ wa ránṣẹ́, kí a má gbàgbé láti kọ orúkọ àwọn tí ó bọ́ wa sí i, kí a sì kọ ọ́ bí ó ti yẹ.