Ẹnà Ojú Títì: Ọ̀rọ̀ Yorùbá Lẹ́nu Àwọn Travesti Ilẹ̀ Bràsíìlì

Bí àwọn onímọ̀ bá ń sọ̀rọ̀ nípa èdè Yorùbá ní ilẹ̀ Bràsíìlì, ojúbọ ni wọ́n sábà máa ń gbà wọlé. Orin òrìṣà, oríkì, orúkọ oúnjẹ ẹbọ àti ìkíni inú ilé candomblé ni wọ́n ń kọ sílẹ̀, tí wọ́n sì ń fi ṣe ẹ̀rí pé òkun kò lè gbé èdè mì. Ẹ̀rí náà kì í ṣe irọ́. Ṣùgbọ́n ibì kan wà tí irú àkọsílẹ̀ bẹ́ẹ̀ kì í fi bẹ́ẹ̀ dé. Ní ojú títì São Paulo, Rio de Janeiro àti Salvador, ní òru, àwọn kan wà tí wọ́n ń pe oúnjẹ ní ajeum, tí wọ́n ń pe ọtí ní otim, tí wọ́n ń pe ọ̀bẹ ní obé, tí kò sì sí òrìṣà kankan tí wọ́n ń fi ọ̀rọ̀ wọ̀nyí júbà ní àkókò náà. Travesti ni wọ́n. Pajubá ni orúkọ èdè tí wọ́n ń fọ̀. Àwọn mìíràn ń pè é ní bajubá.

Ó yẹ kí orúkọ àwọn ènìyàn wọ̀nyí kọ́kọ́ yé ni. Ẹni tí a kọ sílẹ̀ ní ọkùnrin ní ọjọ́ ìbí rẹ̀, ṣùgbọ́n tí ó mọ ara rẹ̀ sí obìnrin, tí ó ń jẹ́ orúkọ obìnrin, tí ó sì ń gbé bẹ́ẹ̀ tọ̀sán-tòru, ni à ń pè ní travesti. Èébú ni ọ̀rọ̀ náà tẹ́lẹ̀. Àwọn tí a ń fi bú ni wọ́n gbà á mọ́wọ́, tí wọ́n sọ ọ́ di orúkọ ẹgbẹ́, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé kì í ṣe gbogbo ẹni tí ń gbé irú ìgbé ayé yìí ni ó fẹ́ jẹ́ ẹ. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ni òbí lé jáde nílé ní èwe, tí ara ilé-ìwé kò gbà, tí ọ̀gá iṣẹ́ kò sì gbà. Títì ni ó ṣẹ́kù. Ní ayé ìjọba ológun, láti 1964 títí di 1985, ọlọ́pàá a máa kó wọn lórí ẹ̀sùn ìrìn gbéregbère láìníṣẹ́, ìyẹn kò sì dópin nígbà tí àwọn ológun lọ. Ní 1987, ọlọ́pàá São Paulo dá ètò kan sílẹ̀ tí wọ́n sọ ní Tarântula, orúkọ irú aláǹtakùn kan, wọ́n ní àwọn fẹ́ fi gbógun ti àrùn éèdì; travesti ni ètò náà ń kó. Àwọn kan nínú wọn a máa fi bíléèdì pamọ́ sí ẹnu. Bí ọlọ́pàá bá mú wọn, wọn a fi ya ara wọn lápá, kí ẹ̀jẹ̀ lè mú kí wọ́n fi wọ́n sílẹ̀. Inú irú òru bẹ́ẹ̀ ni ó ti di dandan kí ènìyàn ní ọ̀rọ̀ tí ó lè sọ sí ẹnìkejì rẹ̀ tí ọlọ́pàá kò ní gbọ́.

Ilé òrìṣà ni púpọ̀ nínú ọ̀rọ̀ náà ti wá, nítorí pé ó wà lára ìwọ̀nba ibi tí ó ṣílẹ̀kùn fún wọn. Kì í ṣe ohun titun. Ruth Landes, onímọ̀ ẹ̀dá ènìyàn láti Amẹ́ríkà tí ó ṣe ìwádìí ní Bahia ní 1938 sí 1939, ti kọ ọ́ ní 1940 pé àwọn ọkùnrin tí ìwà wọn kò bá ohun tí àwùjọ ń pè ní ọkùnrin mu ti ń di aṣáájú nínú ẹ̀ka candomblé kan. Ẹni tí ó ń jó ní ojúbọ ní alẹ́ ọjọ́ kan lè wà ní ojú títì ní alẹ́ ọjọ́ kejì. Ọ̀rọ̀ a bá a lọ.

Irú èdè wo wá ni pajubá? Yorùbá ní orúkọ tí ó bá a mu, ó sì yani lẹ́nu pé a kì í fi pè é: ẹnà ni. Akínwùmí Ìṣọ̀lá kọ àròkọ pàtàkì lórí ẹnà ní 1982, ó sì fi hàn pé ẹnà kì í ṣe eré ọmọdé lásán, pé ó ní òfin, ó sì ní àwùjọ tirẹ̀. Ìyàtọ̀ tí ó wà níbẹ̀ ni pé Yorùbá ni ẹnà tiwa ń fi pamọ́ sínú Yorùbá: a ó ki sílébù bọ àárín ọ̀rọ̀, tàbí kí á yí i po. Nínú pajubá, gírámà Potogí ni ara. Ọ̀rọ̀ ilẹ̀ Áfíríkà ni aṣọ tí a fi bò ó. Ọ̀rọ̀-ìṣe aquendar dára fún àpẹẹrẹ. Ó lè túmọ̀ sí 'fetí sílẹ̀', 'mú', tàbí 'fi pamọ́', bí ó bá ti rí lẹ́nu ẹni tí ń sọ̀rọ̀. Bí wọ́n bá fẹ́ òdì rẹ̀, àfòmọ́ ìbẹ̀rẹ̀ Potogí ni wọ́n ń kàn mọ́ ọn, ó di desaquendar. Ẹni tí ó bá retí gírámà Yorùbá níbẹ̀ yóò pàdánù. Ẹni tí ó bá sì torí bẹ́ẹ̀ sọ pé kì í ṣe nǹkan gidi kò tíì mọ ohun tí ẹnà wà fún.

Àwọn ọ̀rọ̀ Yorùbá tí ó wà nínú rẹ̀ tó kí a dúró tì wọ́n. Odara, tí ó túmọ̀ sí 'ohun tí ó dára', jẹ́ odidi gbólóhùn nílé, ó ní olùwà, ó sì ní ọ̀rọ̀-ìṣe; ní Bràsíìlì, ó ti di ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo tí a fi ń yán ọ̀rọ̀-orúkọ. Eré di erê, ojúbọ sì ti yí i padà kí ó tó dé títì: orúkọ ẹ̀mí ọmọdé tí ń gun ìyàwó òrìṣà ni, àwọn travesti sì fi ń pe ọmọdé èyíkéyìí. Ìdí di edi, láìfi ohunkóhun bò. Ocó ni ọkùnrin. Ọkọ ni ojú kọ́kọ́ lọ sí, fáwẹ̀lì àyanudíẹ̀pè tí ó wà ní ìparí rẹ̀ sì ń jẹ́rìí sí i. Ṣùgbọ́n ìtẹnumọ́ tí ó bọ́ sórí sílébù ìkẹyìn lè mú ẹlòmíràn ronú kan okó. Nínú èdè tí kò ní ohùn, ẹnu ọ̀nà kan náà ni àwọn méjèèjì ń gbà jáde, ó sì jọ pé àwọn travesti kò rí ìdí tí wọ́n fi ní láti yà wọ́n. Àwàdà wà níbẹ̀, irú èyí tí ọmọ Yorùbá kò níí ṣàì rẹ́rìn-ín sí.

Àmọ́ ìgbéraga ọmọ Yorùbá gbọ́dọ̀ mọ níwọ̀n. Acué ni owó nínú pajubá. Ẹni tí ó bá ń wá Yorùbá lójú méjèèjì lè fẹ́ fi tipátipá fa owó dé ibẹ̀, bẹ́ẹ̀ Fọ̀n ni ọ̀rọ̀ náà, láti Àgbómẹ̀, níbi tí akwɛ́ ti jẹ́ owó títí di òní. Mona, tí wọ́n fi ń pe obìnrin tàbí ara wọn, Kimbundu ni. Ọmọ ni ó túmọ̀ sí ní Àǹgólà. Picumã, irun orí, ti ọ̀dọ̀ àwọn ọmọ onílẹ̀ Bràsíìlì wá, èédú ẹ̀fín sì ni nílé rẹ̀. Yeda Pessoa de Castro, nínú ìwé rẹ̀ ti 2001 lórí àwọn èdè Áfíríkà ní Bahia, ti tẹnu mọ́ ọn pé ipa àwọn èdè Bàntú lórí Potogí Bràsíìlì tóbi ju ohun tí àwọn olùfẹ́ Yorùbá ń gbà lọ. Pajubá ń ti ọ̀rọ̀ rẹ̀ lẹ́yìn. Ohun tí ó wà nítòsí ni ẹni tí wọ́n ń lé máa ń mú.

Bí a bá sì wo ohun tí wọ́n mú, yíyàn náà ń sọ̀rọ̀. Inú ilé òrìṣà kún fún orúkọ ewé, orúkọ àwọ̀ àti orúkọ oyè. Díẹ̀ nínú ìwọ̀nyí ni ó dé títì. Owó dé ibẹ̀, ọ̀bẹ dé ibẹ̀, irọ́, oúnjẹ, ọtí, ọkùnrin, ilé àti ẹ̀yà ara dé ibẹ̀. Ọlọ́pàá pàápàá ní orúkọ tirẹ̀, alibã. Òru kan ṣoṣo ni gbogbo rẹ̀ jọ ń yàwòrán rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ kan wà tí àwọn ọmọ Yorùbá fẹ́ràn láti sọ níbi báyìí: pé ó nínú èdè wa kò mọ akọ, kò mọ abo, nítorí náà irú wàhálà yìí kò lè wáyé lọ́dọ̀ wa. Potogí yàtọ̀ lóòótọ́. Kò sí bí ènìyàn ṣe lè dárúkọ travesti níbẹ̀ láìyàn láàárín o travesti àti a travesti, èyí àkọ́kọ́ fún akọ, èyí kejì fún abo. Ọdún púpọ̀ ni àwọn ìwé ìròyìn fi ń kọ o, pàápàá nígbà tí wọ́n bá ń ròyìn òkú wọn. Ìjà ẹ̀tọ́ ni lẹ́tà kan ṣoṣo yìí, wọ́n sì jà á bẹ́ẹ̀. Oyèrónkẹ́ Oyěwùmí, nínú ìwé rẹ̀ ti 1997, ti fa ìjíròrò tó gbóná nígbà tí ó ní ọjọ́ orí ni Yorùbá fi ń to ènìyàn, pé akọ-n-babo kọ́. Arọ́pò-orúkọ wa, pẹ̀lú ẹ̀gbọ́n àti àbúrò, gbe ẹjọ́ rẹ̀. Síbẹ̀, kí a tó fi ó yangàn, ó yẹ kí a rántí pé ẹni tí a kò fi akọ tàbí abo pè nínú arọ́pò-orúkọ ni à ń fi pè nínú bọ̀ọ̀dá àti àǹtí, nínú fìlà àti gèlè, nínú ìdọ̀bálẹ̀ àti ìkúnlẹ̀. Gírámà kò gba ẹnikẹ́ni lọ́wọ́ ará àdúgbò rẹ̀.

Ibi tí ẹ̀rí lágbára jù ni ọ̀rọ̀ ìyàwó. J. Lorand Matory kọ ọ́ ní 1994 nípa àwọn ẹlẹ́gùn-ún Ṣàngó ní agbègbè Ọ̀yọ́ pé ìyàwó òrìṣà ni ọkùnrin tí a fi joyè náà ń jẹ́, irun rẹ̀ ni à ń dì, aṣọ obìnrin ni à ń wọ̀ fún un. Ní Bràsíìlì, iaô ni takọtabo. Ó rọrùn láti parí èrò síbẹ̀ kí a sọ pé ilé candomblé jẹ́ ibi ààbò. Ṣùgbọ́n nínú ilé kan náà, ọkùnrin ni ogã, obìnrin ni equede, a sì ń pín ẹni tí yóò wọ yẹ̀rì àti ẹni tí yóò wọ ṣòkòtò. Ọ̀pọ̀ travesti ni wọ́n ti bá ní kí ó padà sínú aṣọ ọkùnrin kí ó tó lè jó níwájú òrìṣà. Ilé tí ó fún wọn ní ọ̀rọ̀ kò fìgbà gbogbo fún wọn ní ipò.

Ipò yẹn ni wọ́n jáde lọ wá fúnra wọn. Ní 1992, Jovanna Baby àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ dá ASTRAL sílẹ̀ ní Rio de Janeiro, ẹgbẹ́ travesti àkọ́kọ́ ní orílẹ̀-èdè náà. Ní 29 oṣù Kìn-ín-ní 2004, àwọn ajàfẹ́tọ̀ọ́ wọ ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ní Brasília lọ láti béèrè fún ọ̀wọ̀. Ọjọ́ náà ni wọ́n fi ń ṣe ìrántí lọ́dọọdún. Orúkọ ni ó wà ní àárín ìjà wọn. Ẹ wo travesti kan tí ó jókòó sí ilé ìwòsàn láàárín àwọn aláìsàn mìíràn, pẹ̀lú ètè tó kun àti bàtà gogoro, tí nọ́ọ̀sì sì dìde, tí ó pe orúkọ ọkùnrin. Bí ó bá dáhùn, gbogbo ojú ti yí sí i. Bí kò bá dáhùn, àìsàn rẹ̀ ni yóò gbé lọ sílé. Àwọn kan kò lọ sí ilé ìwòsàn mọ́ nítorí èyí nìkan. Ní 2009, òfin ilé iṣẹ́ ìlera gba pé kí a máa pe aláìsàn ní orúkọ tí ó yàn. Ìjọba àpapọ̀ fẹ̀ ẹ́ dé ọ́fíìsì rẹ̀ gbogbo ní 2016, àti ní 1 oṣù Kẹta 2018, ilé-ẹjọ́ gíga jùlọ dájọ́ pé ènìyàn lè yí orúkọ àti akọ-n-babo rẹ̀ padà nínú ìwé ìbí láìṣe iṣẹ́ abẹ àti láìgba ìwé dókítà. Ní 2022, wọ́n dìbò yan Erika Hilton àti Duda Salabert sí ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin àpapọ̀, àwọn obìnrin irú wọn àkọ́kọ́ tí yóò débẹ̀.

Ọdún 2018 yẹn náà ni pajubá dé inú yàrá ìdánwò. Ní 4 oṣù Kọkànlá, àwọn ọ̀dọ́ tí ó lé ní mílíọ̀nù 4 jókòó ṣe ENEM, ìdánwò tí ń ṣí ilẹ̀kùn yunifásítì, ìbéèrè kan sì béèrè ohun tí ó sọ pajubá di ẹ̀ka-èdè tí ó yẹ kí a kà mọ́ ogún èdè. Jair Bolsonaro, tí wọ́n dìbò yàn ní ọ̀sẹ̀ kan ṣáájú, bínú sí i ní gbangba, ó ní ìjọba òun yóò máa rí ìdánwò kí ó tó jáde. Ariwo yìí bo ohun kan mọ́lẹ̀ tí ó kan onímọ̀ èdè ju ìbínú òṣèlú lọ. Ìdáhùn tí àwọn aṣèdánwò gbà ni pé àkọsílẹ̀ ni ó fìdí pajubá múlẹ̀, ìyẹn àwọn ìwé atúmọ̀ bíi Aurélia, tí Vitor Angelo àti Fred Libi tẹ̀ jáde ní 2006. Ìdáhùn yìí kò tọ́. Ní 1843 ni ìwé ọ̀rọ̀ Yorùbá tí Àjàyí Crowther ṣe jáde. Ta ni yóò sọ pé ọdún náà ni Yorùbá di èdè? Àwọn tí ń fi pajubá gba ara wọn là kò dúró de òǹtẹ̀wé.

Ìwé atúmọ̀ sì ní ewu tirẹ̀: alibã náà mọ̀wé kà. Ẹnà tí ó ti di ìwé kò tún lè ṣe gbogbo iṣẹ́ ẹnà mọ́, iṣẹ́ mìíràn ni ó gbà. Linn da Quebrada fi Pajubá sọ orúkọ àwo orin rẹ̀ ní 2017. Amara Moira, travesti tí ó gba oyè ọ̀mọ̀wé nínú ìmọ̀ lítíréṣọ̀, tẹ Neca jáde ní 2024, odidi ìwé ìtàn àròsọ ní bajubá. Lójú ìwé yẹn, òǹkàwé tí ó gbọ́ Potogí yéké ni àlejò, òun ni ó ń wá ẹni tí yóò túmọ̀ fún un. Bẹ́ẹ̀ ni ipò ṣe yí padà láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni wàásù.

Ohun tí ó kù fún àwọn ẹ̀ka Yorùbá ní yunifásítì ni láti tẹ́tí sílẹ̀. Kò bójú mu kí a máa fi ọ̀rọ̀ tó la òkun já yangàn, kí a sì máa tijú ẹnu tí ó gbé e. Èké ṣì ń jẹ́ èké ní ojú títì São Paulo. Equê ni wọ́n ń pè é. Nígbà tí travesti kan bá sọ ọ́ wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́ sí etí ẹnìkejì rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀ tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ dúró, ọkùnrin tí ó wà nínú ọkọ̀ kò ní mọ ohun tí ó sọ. Ọmọ Ìbàdàn tí ó bá ń kọjá lọ yóò gbọ́.