Ẹ̀kọ́ Ìwé Kíkọ àti Ọ̀rọ̀ Sísọ: Iṣẹ́ Tí Yunifásítì Wa Pa Tì

Ọ̀rọ̀ rere ní í yọ obì lápò, ọ̀rọ̀ búburú ní í yọ ọfà lápó. Àwọn baba wa tó pa òwe yìí kò ka ọ̀rọ̀ sísọ sí ẹ̀bùn àbínibí lásán. Iṣẹ́ ni wọ́n kà á sí, wọ́n sì ní ọ̀nà tí wọ́n ń gbà fi kọ́ ọmọ. Ọmọ tó ń bá baba rẹ̀ lọ sí ìpàdé ẹbí yóò gbọ́ bí a ṣe ń bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀, yóò rí bí a ṣe ń pẹ̀tù sí ọkàn ẹni tí inú ń bí, yóò sì mọ ibi tó yẹ kí òun ti dákẹ́. Bí ó bá fẹ́ pa òwe níwájú àgbà, yóò kọ́kọ́ wí pé, ‘Tótó, ó ṣe bí òwe o,’ àwọn àgbà yóò sì gbà á láyè. Ilé-ẹ̀kọ́ ni irú ìpàdé bẹ́ẹ̀. Ìbéèrè tí àròkọ yìí fẹ́ gbé yẹ̀ wò ni pé: nígbà tí yunifásítì gba iṣẹ́ ìkọ́ni lọ́wọ́ ẹbí, báwo ló ṣe ṣe ẹ̀kọ́ yìí sí?

Ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, ẹ̀kọ́ náà ní ilé tirẹ̀. John Quincy Adams, tó wá di ààrẹ ilẹ̀ náà lẹ́yìn náà, ni ó kọ́kọ́ jókòó lórí àga ọ̀jọ̀gbọ́n tí Yunifásítì Harvard yà sọ́tọ̀ fún ọ̀rọ̀ sísọ, ní 1806. Lónìí, àwọn yunifásítì kan níbẹ̀, irú bíi University of Central Florida, ní ẹ̀ka ẹ̀kọ́ tó jẹ́ pé ìwé kíkọ àti ọ̀nà tí ọ̀rọ̀ fi ń yí ènìyàn lọ́kàn padà ni iṣẹ́ rẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ ọdún kìíní, ìbáà jẹ́ ti ìmọ̀ ẹ̀rọ tàbí ti ìṣirò, ń kọ́ bí a ṣe ń kọ àròkọ níbẹ̀. Àwọn olùkọ́ ń ṣe ìwádìí lórí irú ìwé tí àwọn òṣìṣẹ́ ń kọ lẹ́nu iṣẹ́ wọn. Akẹ́kọ̀ọ́ lè gbé iṣẹ́ tí kò tíì parí lọ sí ọ́fíìsì kan, kí ẹnìkan jókòó tì í, kí wọ́n jọ wo ibi tí ọ̀rọ̀ ti wọ́. Ẹni tó bá gboyè níbẹ̀ lè ṣe olóòtú, ó lè máa kọ ìwé ìlò ẹ̀rọ, ó sì lè bá àwọn àjọ kọ ìwé ìbéèrè owó ìrànwọ́. N kò sọ pé kí a ṣe àwòkọ gbogbo èyí. Ohun tí mo fẹ́ kí a rí dì mú nínú rẹ̀ ni pé ìwé kíkọ fúnra rẹ̀ jẹ́ ìmọ̀ tí a lè wádìí, tí a sì lè fi kọ́ ènìyàn.

Nílẹ̀ tiwa, èdè Gẹ̀ẹ́sì ni a so ẹ̀kọ́ náà mọ́. Nínú ìdánwò àṣewọlé ti JAMB, ìbéèrè 60 ni ti Ìlò Èdè Gẹ̀ẹ́sì, nígbà tí iṣẹ́ yòókù ní 40 40. Bí akẹ́kọ̀ọ́ bá wọlé tán, GST 111 ń dúró dè é. Ẹ̀kọ́ onídandan ni, èdè Gẹ̀ẹ́sì ló sì dá lé, gẹ́gẹ́ bí ìlànà tí àjọ NUC, tó ń ṣàkóso yunifásítì, gbé jáde ní 2022. Ẹ jẹ́ kí a mú ojú títì tó ti Èkó lọ sí Ìbàdàn ṣe àpẹẹrẹ. Láàárín Ìbàfò àti Mòwé, níbi tí a kò mọ̀ mọ́ yunifásítì ní ogójì ọdún sẹ́yìn, Redeemer’s University bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Mòwé ní 2005 kí ó tó kó lọ sí Ẹdẹ. Mountain Top University ní tòsí Ìbàfò àti Christopher University ní Mòwé gba ìwé àṣẹ ní 2015. Ilẹ̀ Ẹ̀gbá ni wọ́n tẹ̀ dó sí, láàárín àwọn tó ń fi Yorùbá ná ọjà, tí wọ́n ń fi í parí ìjà. Síbẹ̀, ìlànà NUC kan náà ló de gbogbo wọn: Gẹ̀ẹ́sì nìkan ni èdè tó pọn dandan kí akẹ́kọ̀ọ́ kọ́ bí a ṣe ń kọ.

N kò bá Gẹ̀ẹ́sì jà. Ẹni tí kò gbọ́ ọ nílẹ̀ yìí, ọ̀pọ̀ ilẹ̀kùn ni yóò tì mọ́ ọn. Ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ Gẹ̀ẹ́sì ọ̀hún pàápàá kò tó bí ó ti yẹ. Ní ọ̀pọ̀ yunifásítì, èrò a máa kún gbọ̀ngàn dẹ́nu ọ̀nà, olùkọ́ kan kò sì lè ka àròkọ ẹgbẹ̀rún ènìyàn. Nítorí náà ni a ṣe ń béèrè ìbéèrè tí akẹ́kọ̀ọ́ yóò kàn yan ìdáhùn rẹ̀ lójú kọ̀ǹpútà. Ó wá ṣeé ṣe kí ènìyàn yege nínú ẹ̀kọ́ ìwé kíkọ láìkọ ojú ewé kan ṣoṣo.

Ẹ̀ka ẹ̀kọ́ Yorùbá ńkọ́? Ibi tí ọ̀rọ̀ ti kan èmi àti àwọn ẹlẹgbẹ́ mi nìyẹn. Iṣẹ́ ńlá ni àwọn tó ṣíwájú wa ṣe. Wọ́n tún àkọtọ́ wa ṣe, ìjọba sì fọwọ́ sí i ní 1974. Wọ́n ṣe àkójọ èdè-ìperí ní apá méjì, ní 1984 àti 1990, kí a má baà máa yá ọ̀rọ̀ lò nígbà tí a bá ń ṣàlàyé gírámà àti lítíréṣọ̀. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tí akẹ́kọ̀ọ́ wa ń kọ́: fonọ́lọ́jì, síńtáàsì, ewì alohùn, ìtàn àròsọ, lámèyítọ́. Ó lè fi ìyàtọ̀ hàn láàárín àfiwé tààrà àti àfiwé ẹlẹ́lọ̀ọ́ nínú iṣẹ́ òǹkọ̀wé mìíràn. Ṣùgbọ́n bí a bá ní kí ó kọ ìkìlọ̀ ojú ewé kan fún àwọn ìyálọ́jà nípa àrùn onígbáméjì, kí ó fi yé wọn, kí ó sì mú wọn gbà, ọwọ́ rẹ̀ yóò máa gbọ̀n. A ti kọ́ ọ láti yẹ ọkọ́ àti àdá ẹlòmíràn wò. A kò tíì mú un lọ sóko.

Ọ̀gbẹ́ni kan láti agbègbè yìí kan náà ti fi ọ̀nà hàn wá. Ní 1904 ni a bí Isaac Olúwọlé Délànọ̀ ní Òkèńlá, lẹ́bàá Ifọ̀. Kí ilẹ̀ Nàìjíríà tó ní yunifásítì kankan ló ti ń kọ̀wé: ìwé rẹ̀ nípa ilẹ̀ yìí, tó fi Gẹ̀ẹ́sì kọ, jáde ní 1937. Ìtàn àròsọ rẹ̀, Aiyé D’Aiyé Òyìnbó, tẹ̀lé e ní 1955, òun náà ló sì kọ Atúmọ̀ Ede Yoruba ní 1958. Ṣùgbọ́n ìwé méjì mìíràn ni mo fẹ́ tọ́ka sí níhìn-ín, nítorí ẹ̀kọ́ ọ̀rọ̀ sísọ gan-an ni wọ́n.

Èkíní ni Agbeka Ọ̀rọ̀ Yoruba ti 1960, tó dá lórí ọ̀rọ̀ tó yẹ níbi tó yẹ. Ìmọ̀ yìí ni kì í jẹ́ kí á sọ pé ọba kú, bí kò ṣe pé ó wàjà. Èkejì ni Òwe L’ẹṣin Ọ̀rọ̀ ti 1966. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ló ti ṣa òwe jọ. Ohun tí Délànọ̀ fi kún un ni pé kò dúró lórí ìtumọ̀, ó tún sọ bí a ti ń lò ó. Àfikún yìí ni ọkàn ẹ̀kọ́ náà. Ẹ jẹ́ kí a fi òwe kan dán an wò: àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Ẹni tó bá sọ ọ́ fún àgbà tó dákẹ́, ìbáwí ló sọ. Ẹni tó bá sọ ọ́ fún àgbà tó ti dá sí ọ̀rọ̀, ọpẹ́ ló dá. Àgbà tó bá sọ ọ́ nípa ara rẹ̀, ó ń tọrọ àyè láti dá sí ohun tí a kò pè é sí. Òwe kan, ìtumọ̀ kan, iṣẹ́ mẹ́ta. Ẹni tó mọ ìtumọ̀ nìkan kò tíì mọ òwe náà.

Síbẹ̀, lámèyítọ́ kò gbọdọ̀ yin akọni kí ó fi àléébù pamọ́. Délànọ̀ to ọ̀rọ̀ àti òwe sílẹ̀ fún wa ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan. Kò fi hàn nínú ìwé méjèèjì bí a ṣe ń hun wọ́n di àròkọ gígùn, bí a ṣe ń ti orí àlàyé kan bọ́ sórí òmíràn, tàbí bí a ṣe ń dá alátakò lóhùn lórí ìwé, níbi tí kò ti sí ojú ẹni tí a ó máa wò. Ibi tó fi iṣẹ́ sí ló yẹ kí yunifásítì ti gbé e.

A kò ṣàìní ohun tí a ó fi bẹ̀rẹ̀. Aristotle pín ọ̀rọ̀ ìta gbangba sí mẹ́ta: ti ìgbìmọ̀, ti ilé ẹjọ́, àti ti ìyìn. Àwa náà ní ìgbìmọ̀ ìlú, a ní ẹjọ́ rírò níwájú baálẹ̀, a sì ní oríkì. Ta ló ti wádìí bí ẹni tó ń rojọ́ ní kóòtù ìbílẹ̀ ṣe ń to ẹ̀rí rẹ̀? Báwo ni ìyálọ́jà ṣe ń parí ìjà láìdá ẹnikẹ́ni lẹ́bi lójú? Ìwádìí wọ̀nyí kò béèrè ẹ̀rọ olówó gọbọi. Etí àti sùúrù ni wọ́n ń fẹ́.

Àwọn òbí yóò béèrè pé iṣẹ́ wo ni ọmọ yóò rí ṣe. Iṣẹ́ náà wà nílẹ̀. Ilé-ẹ̀kọ́ rẹ̀ ni kò sí. Nígbà tí Josiah Akíndayọ̀mi, olùdásílẹ̀ ìjọ Ìràpadà, ń fi Yorùbá wàásù láàárín 1973 sí 1980, olùkọ́ ìṣirò ní yunifásítì, Enoch Adébóyè, ni ó ń gbufọ̀ fún un sí Gẹ̀ẹ́sì. Ọ̀rọ̀ ìsìn kọ́ ni mo ń sọ. Ohun tó wù mí kí a rí ni pé ìṣirò ni yunifásítì fi kọ́ ọ, ẹnu iṣẹ́ ló ti kọ́ ògbufọ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni ti púpọ̀ nínú àwọn tó ń kọ ìwé ìròyìn Aláròyé, àwọn tó ń ṣiṣẹ́ fún BBC Yorùbá tó bẹ̀rẹ̀ ní 2018, àwọn tó ń kọ ọ̀rọ̀ eré sinimá àti ìpolówó ọjà. Ẹni tó bá lẹ́bùn nínú wọn ń tayọ; ẹni tí kò bá ní in ń da omi pọ̀ mọ́ èdè, kò sì sí ẹni tí yóò tọ́ ọ sọ́nà.

Bí a bá ń retí pé kí ìjọba àpapọ̀ ṣe é fún wa, a ó pẹ́ lórí ìdúró. Ní 2022, ìjọba pàṣẹ pé kí a máa fi èdè abínibí kọ́ ọmọ ní ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀; ní 2025, wọ́n fagi lé e. Ṣùgbọ́n ìlànà NUC ti 2022 fi àyè kan sílẹ̀: ìdá 70 nínú ọgọ́rùn-ún ni àjọ náà là kalẹ̀, ó sì fi ìdá 30 sílẹ̀ kí yunifásítì kọ̀ọ̀kan fi ohun tó bá yàn sí i. Kò sí òfin tó ní kí ẹ̀kọ́ ìwé kíkọ àti ọ̀rọ̀ sísọ ní èdè Yorùbá má wọ inú ìdá 30 yìí. Kò dìgbà tí a bá kọ́ ilé tuntun. Kí akẹ́kọ̀ọ́ ogún jókòó, kí wọ́n kọ lẹ́tà, ìkìlọ̀, àwíjàre àti àròkọ. Kí a kà á, kí a bá wọn tún un ṣe, kí wọ́n sì tún un kọ.

Ohun tó wà nínú ewu kì í ṣe pé Yorùbá yóò kú lẹ́nu. A ń sọ ọ́ lọ́jà, a ń kọ ọ́ lórin. Ewu tó wà ni pé yóò di èdè tí a kò lè fi gba ara wa nímọ̀ràn mọ́ lórí ìwé, tí dókítà kò ní lè fi kọ ìkìlọ̀, tí agbẹjọ́rò kò ní lè fi ṣàlàyé òfin fún ẹni tí òfin dè. Ẹṣin ọ̀rọ̀ ṣì ń jẹ koríko lẹ́yìnkùlé wa. Bí yunifásítì kò bá kọ́ ọmọ wa láti gùn ún, kì í ṣe ẹṣin ni ìtìjú yóò bá.