Ilẹ̀ Ló Ń Gbé Ọnà Yọ

Bí wọ́n bá gbé iṣẹ́ ọwọ́ kalẹ̀ níwájú wa, ọnà àárín rẹ̀ la kọ́kọ́ ń wò: ẹyẹ, òdòdó, tàbí orúkọ ẹni tó ni ín. Èmi ní tèmi, ilẹ̀ iṣẹ́ náà ni mo máa ń kọ́kọ́ wò. Ilẹ̀ ni mo ń pe gbogbo ibi tó yí ọnà ká. Nínú ìnusẹ̀ tí a fi àjákù aṣọ ṣe, ilẹ̀ ló ń fi hàn bóyá ẹni tó ṣe é ronú, tàbí ó kàn wá nǹkan dí àyè.

Ní Alímọ̀ṣọ́ wa yìí, àjákù aṣọ kò wọ́n. Láti Ìkòtún dé Ẹ̀gbẹ́dá àti Ìgàndó, kò sí àdúgbò tí ẹ kò ti ní rí ṣọ́ọ̀bù télọ̀. Ègé ańkárá, léèsì àti gínì máa ń kún abẹ́ ẹ̀rọ ìránṣọ, pàápàá lásìkò aṣọ ẹbí, lẹ́yìn náà wọ́n á dà á sínú àpò, ó di ti akólẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ fi í ṣe ìnusẹ̀ á gé e ní tẹ́ẹ́rẹ́-tẹ́ẹ́rẹ́, á wá àpò ìdọ̀họ tí ihò rẹ̀ hàn, á sì máa fi irin ẹlẹ́nu ìkọ́ fa aṣọ náà gba inú ihò wọ̀nyí yọ sókè, títí ojú àpò yóò fi bò.

Ní ìpàtẹ iṣẹ́ ọwọ́ ilé ẹ̀kọ́ kan ní agbègbè wa, mo rí ìnusẹ̀ mẹ́ta tí àkùkọ funfun wà láàárín ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn. Ilẹ̀ wọn ló yàtọ̀.

Ilẹ̀ ti àkọ́kọ́ jẹ́ àwọ̀ ewé kan ṣoṣo. Ìyá ọmọ náà sọ fún mi pé ọ̀pá aṣọ tuntun méjì lòun rà fún un. Ó mọ́, ó gún, kò sí ibi tó wọ́. Ṣùgbọ́n bí ojú ẹni bá ti rí àkùkọ, kò tún sí ohun tó kù láti rí.

Èkejì lo àjákù, ó sì lò ó bó ṣe bọ́ sí i lọ́wọ́: funfun, pupa, ìyeyè àti dúdú, gbogbo rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Funfun ilẹ̀ gbé funfun àkùkọ mì. Mo ní láti wá ìrù rẹ̀ kí n tó rí i.

Ẹ̀kẹta náà lo àjákù, ó sì tó oríṣi aṣọ mẹ́wàá. Ṣùgbọ́n gbogbo wọn ló ṣú: àwọ̀ aró, àwọ̀ àlùkò, àwọ̀ ewé tó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dúdú, àwọ̀ igi. Ọmọ náà kò kó aró jọ sí igun kan, kó tún kó àlùkò jọ sí òmíràn. Ó fọ́n ọ̀kọ̀ọ̀kan káàkiri. Bí mo bá dúró lókèèrè, ilẹ̀ náà dà bí òru, àkùkọ sì yọ gedegbe. Bí mo bá sún mọ́ ọn, òru náà ní ẹ̀mí: ìlà ańkárá kan níhìn-ín, dídán léèsì kan lọ́hùn-ún.

Ti àkọ́kọ́ ni wọ́n fún ní ẹ̀bùn. Ìdí tí wọ́n sọ ni pé ó mọ́ tónítóní. Ibi tí àríwísí mi wà nìyí. Àkòrí ìpàtẹ náà ni pé ká má fi nǹkan ṣòfò. Ṣé aṣọ tuntun la ó wá rà, ká gé e wẹ́wẹ́, ká tó lè kọ́ ọmọ pé kó má fi aṣọ ṣòfò? Ẹ̀kọ́ ni máàkì jẹ́. Ohun tí ọmọ tó ṣe ẹ̀kẹta kọ́ lọ́jọ́ náà ni pé owó òbí ju làákàyè ọmọ lọ.

Àwọn kan á ní àdàlù aṣọ a máa fi ìṣẹ́ hàn. Ìtàn kò gbè wọ́n. Ẹ̀kú eégún kan wà ní Brooklyn Museum ní New York, Ògbómọ̀ṣọ́ ni wọ́n ti ṣe é, láàárín nǹkan bí 1920 sí 1948. Oríṣi aṣọ tó wà lára rẹ̀ lé ní 300, láti Áfíríkà, Yúróòpù àti Éṣíà. Ní 2019, wọ́n ṣe odindi ìpàtẹ nítorí ẹ̀kú kan ṣoṣo yìí. Ta ló lè pe ìyẹn ní ìṣẹ́?

Ní etíkun ìlà-oòrùn Amẹ́ríkà àti Kánádà pẹ̀lú, láti ọ̀rúndún kọkàndínlógún, àwọn obìnrin ń fa àjákù aṣọ irun àgùntàn gba inú àpò ìdọ̀họ láti fi ṣe ẹní ìtẹ́lẹ̀. Àjákù aláwọ̀ kan kì í sábà tó bo ilẹ̀ tán, nítorí náà àwọn tó mọ̀ ọ́n ṣe á da oríṣiríṣi àwọ̀ tó ṣú pọ̀. Àìtó ló kọ́ wọn ní ọgbọ́n, ọgbọ́n náà ló sì mú ẹní wọn dára. Àwọn àgbà wa náà ní bí ọmọdé bá ní aṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Ọjọ́ orí ló wà nínú àkísà, owó kò lè rà á.

Síbẹ̀, n kò sọ pé kí a máa yin iṣẹ́ kan nítorí pé àjákù ni wọ́n fi ṣe é. Ìnusẹ̀ kejì ti fi hàn pé àjákù láìsí ìrònú kò yàtọ̀ sí ilẹ̀ tí a gbá jọ. Kí ọmọ tó fa ègé kan, kó ya àjákù sí ọ̀nà méjì, èyí tó ṣú àti èyí tó mọ́lẹ̀. Bí kò bá dá a lójú, kó fẹ́rẹ̀ẹ́ pa ojú dé wò ó, tàbí kó fi fóònù òbí rẹ̀ ya fọ́tò aláwọ̀ dúdú àti funfun. Èyí tó bá mọ́lẹ̀ ju àwọn yòókù lọ, kó yọ ọ́ kúrò nínú ilẹ̀, kó fi í ṣe ọnà. Kó sì pín àwọ̀ kọ̀ọ̀kan sí ìdì mẹ́rin kó tó bẹ̀rẹ̀, kí ọ̀kan má baà tán sí igun kan.

Ẹ̀yin olùkọ́, lọ́jọ́ tí ẹ bá fẹ́ fún irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ní máàkì, ẹ fi ìka tọ́ ilẹ̀ rẹ̀, kí ẹ bi ọmọ náà pé: "Níbo ni o ti rí aṣọ yìí, kí ló sì dé tí o fi síbí?" Ẹ̀yin òbí, ẹ jẹ́ kó dáhùn fúnra rẹ̀.