Ìyè Nìkan Kọ́: Ìwé Kan Lórí Kíkọ́ Àmì Kanji

Ó ti pẹ́ tí àwọn ọmọ wa ti ń wo eré àwòrán ilẹ̀ Japan lórí tẹlifíṣọ̀n. Ní báyìí, wíwò nìkan kò tẹ́ àwọn kan nínú wọn lọ́rùn mọ́. Wọ́n fẹ́ kọ́ èdè náà. Ọ̀kan nínú ìwé tí wọ́n sábà máa ń ní kí òbí rà fún wọn ni Remembering the Kanji, tí James W. Heisig kọ. Ní 1977 ni ó kọ́kọ́ jáde. Nígbà tí ó jẹ́ pé owó òbí ni a fi ń rà á, tí ọ̀pọ̀ oṣù nínú ayé ọmọ sì ń bá a lọ, ó yẹ kí a yẹ̀ ẹ́ wò fínnífínní, bí a ti ń yẹ ìwé owó wò.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ fún un ní ẹ̀tọ́ rẹ̀. Àmì kanji tí ìjọba Japan yà sọ́tọ̀ ní 2010 fún ìlò gbogbo ìlú jẹ́ 2,136. Heisig, tí ó ti ṣiṣẹ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún ní Nagoya, kó 2,200 jọ sínú ẹ̀dà kẹfà apá kìn-ín-ní ìwé rẹ̀. Ó já àmì kọ̀ọ̀kan sí wẹ́wẹ́, ó fún wẹ́wẹ́ náà lórúkọ, ó sì ní kí akẹ́kọ̀ọ́ fi ìtàn so wọ́n pọ̀. Ọgbọ́n gidi ni. Ẹni tí ó bá fara balẹ̀ tẹ̀lé e yóò lè fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ àmì tí ìlà rẹ̀ ju mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lọ láìwo ìwé. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan ṣoṣo ni ó so mọ́ àmì kọ̀ọ̀kan, kò sì sọ bí a ṣe ń pè é. Ìpè di apá kejì. Ibi tí ẹjọ́ wa wà nìyí.

Ẹ mú àmì 生. Ìlà márùn-ún péré ni, ó sì wà lára 80 tí ọmọ Japan ń kọ́ ní ọdún kìn-ín-ní ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Àwòrán ewéko tí ó ń yọrí láti inú ilẹ̀ ni ó ti wá. Heisig fún un ní ọ̀rọ̀ tí ó túmọ̀ sí ìyè, ó parí. Ìyè kò burú, ṣùgbọ́n ẹ wo iṣẹ́ tí àmì yìí ń ṣe láàárín ọjọ́ kan. Nínú ikiru, kí ènìyàn wà láàyè ni. Nínú umareru, a bí ọmọ. Nínú haeru, koríko hù, eyín ọmọ yọ, irùngbọ̀n hù. Bí a bá pè é ní nama, ohun tútù tí iná kò tíì kàn ni: namatamago ni ẹyin tútù, bíà tí a pọn láti inú àgbá, nama ni, ètò tẹlifíṣọ̀n tí a ń wò bí ó ti ń ṣẹlẹ̀ lọ́wọ́, nama ni òun náà. Ọmọdé tí ó ń ṣe fọ́ńté sí àgbà, namaiki ni wọ́n ń pè é. Bí wọ́n bá sì kọ àmì náà ṣáájú soba ní ẹnu ọ̀nà ilé oúnjẹ, ki ni a óò pè é níbẹ̀, ìyẹn ògidì. Ọmọ tí ó gbé ìyè nìkan wọ ilé oúnjẹ lè rò pé ẹyin tí ń mí ni wọ́n ń gbé bọ̀!

Ìpè tí ó ti Ṣáínà wá tún wà. Shō ni ó ṣáájú, ó sì pọ̀ nínú ọ̀rọ̀ ẹ̀sìn Búdà. Sei tẹ̀lé e, ní ayé tí Japan ń rán ikọ̀ àti akẹ́kọ̀ọ́ lọ sí Ṣáínà lábẹ́ ìjọba Tang. Shō di jō nínú tanjōbi, ọjọ́ ìbí. Sei wà nínú seikatsu, ìgbé ayé ojoojúmọ́, àti nínú seimei hoken, ìnṣọ́ránsì ẹ̀mí, tí àwa oníṣirò owó kò lè ṣàì dárúkọ. Ó wà nínú sensei pẹ̀lú, orúkọ tí wọ́n fi ń pe olùkọ́ àti dókítà. Àmì méjì tí wọ́n fi kọ ọ́ ń sọ pé ẹni tí a bí ṣáájú ni. Yorùbá wo ni a óò ṣẹ̀ṣẹ̀ máa ṣàlàyé ìyẹn fún?

Ohun tí ó dùn wá jù nìyí: ìràwọ̀ (星), ìwà àbínibí (性) àti orúkọ ìdílé (姓), gbogbo wọn ni 生 wà nínú wọn, gbogbo wọn ni a sì lè pè ní sei. Ohùn ni 生 yá wọn. Apá kìn-ín-ní fi ìtàn ìyè so wọ́n pọ̀, ó sì dákẹ́ nípa ohùn. Akẹ́kọ̀ọ́ gbọ́dọ̀ dúró de ìwé kejì kí ó tó gbọ́ ohun tí ó wà níwájú rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀.

Báwo ni àwọn ará Japan ṣe ń mọ èyí tí wọn yóò pè? Lẹ́tà hiragana tí ó tẹ̀lé àmì ni ó ń sọ fún wọn: 生きる ni ikiru, 生まれる ni umareru, 生える ni haeru. Ẹ kọ igba láìfi àmì ohùn sí i: ṣé igba náírà ni, àbí igbá omi, àbí ìgbà òjò, àbí igbà tí ẹlẹ́mu fi ń gun ọ̀pẹ? Ìwé tí ó bá gé ìrù 生 kúrò ti gé ohun tí ó ń jẹ́ kí a kà á.

Kí ẹnikẹ́ni má sì sáré lọ ra ìwé tí ó to gbogbo ìpè náà sójú kan fún àkọ́sórí. Ìpè 12 ni ìwé àṣẹ ìjọba gbà fún àmì kan yìí. Ẹni tí ó bá há gbogbo rẹ̀ sórí kò yàtọ̀ sí akọ̀wé tí ó da ọ̀kan-ò-jọ̀kan rìsíìtì sínú àpò kan. Inú ọ̀rọ̀ ni ọmọ Japan ti ń bá wọn pàdé, díẹ̀díẹ̀.

Nítorí náà, bí owó ìwé kan ṣoṣo ni ó wà lọ́wọ́, àwa kò ní ra ti Heisig. Ìwé tí ó ń fi àmì hàn nínú ọ̀rọ̀ àti gbólóhùn ni a óò rà. Ẹni tí ó bá ti rà á kò gbọdọ̀ jù ú nù. Kí ọmọ fi lẹ́ẹ̀dì kọ ọ̀rọ̀ méjì tàbí mẹ́ta sí ẹ̀gbẹ́ àmì kọ̀ọ̀kan, pẹ̀lú ìpè wọn àti hiragana tí ó bá tẹ̀lé wọn. Fún 生, sensei, umareru àti nama tó fún oṣù àkọ́kọ́.