Níbo Ni Ẹrù Wà?

Ẹni tó bá ti fi wéébíìlì ránṣẹ́ rí ní Ọ̀fà Garage, ní Ìlọrin, yóò rántí bí wọ́n ṣe ń ṣe é. Ìyá kan á gbé àpò ẹ̀lùbọ́ fún dírẹ́bà, á gba bébà pélébé tí nọ́ńbà wà lára rẹ̀, á fi nọ́ńbà náà ránṣẹ́ sí ọmọ rẹ̀ ní Ọ̀fà. Nọ́ńbà yẹn lọmọ yóò fi gba ẹrù. Ẹ̀yìn gáréèjì yìí ni ṣọ́ọ̀bù ọ̀gá mi wà, ibẹ̀ ni mo sì ti kọ́ iṣẹ́ tí mò ń jẹ títí dòní: kí a gba buffer lórí káàdì GPU, kí a fà á lé káàdì nẹ́tíwọ́ọ̀kì lọ́wọ́, kí a wá wò ó bóyá dátà rìn tààrà láti káàdì dé káàdì láìyà sínú mẹ́mọ́rì kọ̀ǹpútà. Àfáà là ń pe ọ̀gá náà. Kì í ṣe pé wọ́n kéwú jù wá lọ. Sùúrù wọn ló sọ wọ́n bẹ́ẹ̀.

Mi ò ní fi bí a ṣe ń ṣí renderD128 àti bí a ṣe ń sọ handle di nọ́ńbà fáìlì dá yín dúró. Ẹni tó wà nídìí iṣẹ́ ti mọ̀ ọ́n. Kí ẹ sáà mọ̀ pé láti ọdún 2012, tí dma-buf ti wọ kernel Linux 3.3, ni ẹ̀rọ kan ti lè fi nọ́ńbà lásán fa buffer lé ẹ̀rọ mìíràn lọ́wọ́. Wéébíìlì náà ni. Lọ́dún 2021, kernel 5.12 jẹ́ kí àwọn káàdì nẹ́tíwọ́ọ̀kì RDMA náà lè gbà á. Èyí tí wéébíìlì kì í sọ ni mo fẹ́ sọ: ibi tí ẹrù wà gan-an.

Mo ti lo ọdún kan lọ́dọ̀ Àfáà nígbà tí iṣẹ́ kan wá láti òkè òkun. Kọ̀ǹpútà tòkunbọ̀ ràgàjì kan la fi ń ṣe é, CPU Xeon méjì ló wà nínú rẹ̀, eruku ọyẹ́ sì ti pọ́n ọn lára. Mo kọ ìdánwò mi. Mo gba mẹ́gábáìtì 64 lórí káàdì AMD, mo ní VRAM ni mo fẹ́, ìyẹn mẹ́mọ́rì tó wà lórí káàdì fúnra rẹ̀. Mo fa nọ́ńbà lé káàdì nẹ́tíwọ́ọ̀kì lọ́wọ́. Dátà lọ, dátà dé, kò sí báìtì kan tó yàtọ̀. Mo pariwo ayọ̀. Àfáà ń mu kókó lọ́wọ́, wọn ò tiẹ̀ wo ojú kọ̀ǹpútà.

“Níbo ni ẹrù wà?”

“Lórí VRAM ni, Àfáà. Ibẹ̀ ni mo ní kó wà.”

“Mi ò bi ọ́ níbi tó o ní kó wà.”

Lákòókò yẹn, agbèrò kan ń ké níta pé, “Ọ̀fà! Ọ̀fà! Ẹnì kan ló kù!” Gbogbo wa la sì mọ̀ pé èrò méjì péré ló wà nínú bọ́ọ̀sì náà. Àfáà fi ṣíbí nàka síta. “Má gbọ́ ariwo agbèrò. Ka èrò inú ọkọ̀.”

Kíkà yẹn ni gbogbo ọgbọ́n náà, ó sì kéré lójú. Dírẹ́bà amdgpu, kì í ṣe ti mọ́tò o, máa ń kọ ìṣirò méjì síta: mem_info_vram_used ń sọ iye tí a ti lò lórí káàdì, mem_info_gtt_used ń sọ iye tí káàdì ti yá lò nínú mẹ́mọ́rì kọ̀ǹpútà. Àfáà ní kí n kà wọ́n lẹ́ẹ̀mẹ́ta: kí n tó gba buffer, lẹ́yìn tí mo bá gbà á, àti lẹ́yìn tí káàdì kejì bá ti so mọ́ ọn. Ẹ̀ẹ̀kejì tí mo kà, VRAM ti gòkè ní iye mẹ́gábáìtì 64 mi, ìyẹn báìtì 67,108,864. Inú mi dùn. Ẹ̀ẹ̀kẹta, VRAM ti já wálẹ̀, GTT ló gòkè. Ẹrù mi ti kúrò níbi tí mo gbé e sí. Kò sí àṣìṣe, kò sí ìkìlọ̀, ìdánwò sì ní mo yege.

Ìdí rẹ̀ ni pé nígbà tí káàdì kan bá fẹ́ so mọ́ buffer káàdì mìíràn, ẹ̀ka kernel tó ń jẹ́ p2pdma, tó wọlé pẹ̀lú 4.20 lọ́dún 2018, á kọ́kọ́ yẹ ọ̀nà tó wà láàárín àwọn méjèèjì wò. Bí ọkàn rẹ̀ kò bá balẹ̀ sí ọ̀nà náà, dírẹ́bà kì í jà. Á rọra kó dátà lọ sínú mẹ́mọ́rì kọ̀ǹpútà, káàdì kejì á wá gbé e níbẹ̀. Oore ni fún ẹni tó kàn fẹ́ kí ẹrù dé. Fún ẹni tó ń dán ọ̀nà wò, irọ́ ni. Bí agbèrò bá ṣáà gbé àpò ẹ̀lùbọ́ gba inú ọ́fíìsì yúníọ̀n kó tó gbé e sínú bọ́ọ̀sì kejì, àpò á dé Ọ̀fà. Ṣùgbọ́n ìyẹn ò sọ fún wa bóyá bọ́ọ̀sì méjèèjì lè dúró gba ẹrù lọ́wọ́ ara wọn.

Mo ti jókòó láti tún kóòdù kọ nígbà tí Àfáà pa ẹ̀rọ, tí wọ́n yọ wáyà iná, tí wọ́n sì mú sukudíráfà. Mo ṣì ń rí ọwọ́ wọn. Wọ́n fa káàdì nẹ́tíwọ́ọ̀kì yọ, wọ́n fẹ́ eruku ẹnu rẹ̀ bí ẹni fẹ́ àkàrà gbígbóná, wọ́n tì í bọ ihò mìíràn. Abẹ́ CPU kejì ni ihò àkọ́kọ́ wà, káàdì AMD sì wà lábẹ́ CPU kìíní. Fún irú Xeon àtijọ́ bẹ́ẹ̀, kernel kì í gbà àfi bí káàdì méjèèjì bá wà lábẹ́ host bridge kan náà, ìyẹn afárá tó so káàdì mọ́ CPU. A tún un kà. VRAM dúró gbagidi, GTT ò mira. Wọn ò fọwọ́ kan ìlà kóòdù kan ṣoṣo. NEPA mú iná lọ lójú ẹsẹ̀, bí ẹni pé ohun tó ń dúró dè nìyẹn.

Ẹ̀kọ́ kan tún kù: Àfáà kì í fi òdo kún buffer láéláé. Ojú-ewé mẹ́mọ́rì tuntun tí kernel ń fúnni, òdo ló wà nínú rẹ̀. Bó o bá fi òdo ránṣẹ́, tó o sì bá òdo níbẹ̀, ta ló mọ̀ bóyá nǹkan kan rìn? Wọ́n máa ń fi nọ́ńbà ipò kọ̀ọ̀kan nínú buffer ṣe àmì ibẹ̀, wọ́n á sì fi àmì mìíràn kún ibi tí ẹrù ń lọ kó tó dé.

Àwọn ọmọ ìsinsìnyí ń mú ìdánwò wá fún mi báyìí. Òmíràn á lo udmabuf, tó ń sọ mẹ́mọ́rì kọ̀ǹpútà lásán di dma-buf. Kò burú, bó bá jẹ́ pé wéébíìlì lo fẹ́ yẹ̀ wò. Àmọ́ á kọ ọ́ sókè gàdàgbà pé láti ẹ̀rọ dé ẹ̀rọ ni. Òmíràn á ṣe é lórí GPU Intel inú láptọ́ọ̀pù, èyí tí mẹ́mọ́rì kọ̀ǹpútà náà ló ń jẹ. Òmíràn á ní kí AI bá òun kọ ọ́, bẹ́ẹ̀ ni kò mọ ihò tí káàdì rẹ̀ wà. Wọ́n ń wá àbùjá, àbùjá kan ò sì sí lọ́rùn ọ̀pẹ.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ọmọ tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ mi fò sókè pé òun ti yege. Mo bi í pé níbo ni ẹrù wà.

“Ọ̀gá, lórí VRAM ni. Ibẹ̀ ni mo ní kó wà.”

Mo rọra fa sukudíráfà sún mọ́ ọn, mi ò sọ̀rọ̀. Níta, agbèrò kan ń pariwo pé ẹnì kan ló kù.