Àjọṣepọ̀ Ilé Ìkàwé àti Ilé Ìṣẹ̀ǹbáyé lórí Àkójọ Ìtàn Ìlú: Àgbéyẹ̀wò Iṣẹ́ Digital Benin

1. Ìfáàrà

Ní oṣù kọkànlá ọdún 2022 ni àkójọ orí íntánẹ́ẹ̀tì tí wọ́n pè ní Digital Benin di ohun tí gbogbo ayé lè rí. Nígbà tí ó jáde, ohun ọnà 5,246 ló wà nínú rẹ̀, láti ilé àkójọ 131 ní orílẹ̀-èdè 20. Ohun ààfin àti ohun ìlú Bìní ni wọ́n. Púpọ̀ nínú wọn fọ́n káàkiri ayé lẹ́yìn tí ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì kó ìlú náà ní oṣù kejì ọdún 1897, tí wọ́n sì lé Ọba Ovonramwen lọ sí Calabar. Ilé ìṣẹ̀ǹbáyé MARKK ní ìlú Hamburg, ní ilẹ̀ Jámánì, ni iṣẹ́ náà fi ṣe ibùjókòó, ṣùgbọ́n àwọn onímọ̀ ilẹ̀ Yúróòpù àti ti ìlú Bìní ni wọ́n jọ ṣe é.

Ìyìn tí àkójọ yìí ti gbà kì í ṣe kékeré, ó sì tọ́ sí i. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ lámèyítọ́ kò parí síbi ìyìn. Ìbéèrè tí bébà yìí fẹ́ dáhùn ni pé: nígbà tí ilé ìkàwé àti ilé ìṣẹ̀ǹbáyé bá pawọ́ pọ̀ láti gbé ìtàn ìlú kan sórí kọ̀ǹpútà, ìlànà ta ni ó ń borí? Èrò tí a gbé kalẹ̀ níhìn-ín ni pé níbi tí Digital Benin ti fi orúkọ àti ọ̀rọ̀ ẹnu ṣíwájú, ó yege. Níbi tí ó ti tẹ̀lé ìlànà ilé ìṣẹ̀ǹbáyé nìkan, èyí tí í máa ka ohun ọnà ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan, iṣẹ́ ṣì kù. Ọ̀rọ̀ náà kan Yorùbá gbọ̀ngbọ̀n, nítorí pé ohun ìtàn ti ilẹ̀ Yorùbá náà wà káàkiri bẹ́ẹ̀, tí ẹnikẹ́ni kò tíì kó wọn jọ tó báyìí.

2. Bí ìwé àti ère ṣe pínyà

Ní àwùjọ Bìní àti ti Yorùbá, ìtàn nǹkan kì í jìnnà sí nǹkan náà. Àwọn arọ́kìn wà ní ààfin Ọ̀yọ́ níbi tí ohun ọba wà. Ní Bìní, ẹgbẹ́ àwọn asùdẹ tó ń gbé ní Igun ló mọ ìdí tí wọ́n fi rọ orí idẹ kọ̀ọ̀kan. Àpẹẹrẹ tó ṣe kedere jù ni ti Jacob Egharevba. Òun ló kọ Ekhere vb' Itan Edo ní èdè Ẹdó ní nǹkan bí ọdún 1933, òun kan náà ló sì tún di olùtọ́jú ilé ìṣẹ̀ǹbáyé Bìní. Ọwọ́ tó kọ ìwé ni ọwọ́ tó tọ́jú ère.

Ìpínyà àwọn méjèèjì kò fi bẹ́ẹ̀ pẹ́, kódà ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Títí di ọdún 1973 tí wọ́n dá British Library sílẹ̀ ní tirẹ̀, abẹ́ òrùlé British Museum ni ìwé àti ère jọ wà. Nítorí náà, ẹni tó bá ń pe àjọṣepọ̀ ilé ìkàwé àti ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ní ọgbọ́n tuntun tí kọ̀ǹpútà mú wá, kò wo ẹ̀yìn wò. Títún so ohun tó já ni.

Ohun tí ìpínyà yìí bà jẹ́ pọ̀. Ìwé tí Read àti Dalton kọ lórí ohun ìṣẹ̀ǹbáyé Bìní ní ọdún 1899, àti èyí tí Felix von Luschan tẹ̀ jáde ní Berlin ní ọdún 1919, wà lórí pẹpẹ ìwé. Àwọn ohun tí wọ́n kọ ọ́ lé lórí wà nínú àpótí dígí. Ìwé tí Egharevba kọ ní èdè Ẹdó ní tirẹ̀ wà lọ́dọ̀ àwọn díẹ̀ tó lè ka èdè náà. Ẹni tó dúró níwájú orí idẹ kan kò ní ọ̀nà láti mọ̀ pé ìwé kan wà tó sọ̀rọ̀ nípa ọba tí wọ́n tìtorí rẹ̀ rọ ọ́.

3. Ẹyo Oto àti ọ̀rọ̀ orúkọ

Ilé là á wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Ọgọ́rùn-ún ọdún ó lé ni àwọn ilé ìṣẹ̀ǹbáyé fi sọ ohun ọnà Bìní lórúkọ láìwo ilé. Apá kan nínú Digital Benin, tí wọ́n pè ní Ẹyo Oto, ló gbìyànjú láti tún èyí ṣe. Ó to ohun ọnà lẹ́sẹẹsẹ pẹ̀lú orúkọ wọn ní èdè Ẹdó, ó sì jẹ́ kí a gbọ́ bí ẹni tó ni èdè ṣe ń pè é.

Àǹfààní rẹ̀ hàn nínú àpẹẹrẹ kan. Nínú àkọsílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, idà ni wọ́n ń pe ada, idà náà ni wọ́n ń pe eben. Ẹni tí kò bá mọ̀ yóò rò pé ọ̀kan ni wọ́n. Ṣùgbọ́n ada ni àmì àṣẹ, tí ó ń fi hàn pé ẹni tí wọ́n ń gbé e ṣíwájú ní agbára ikú àti ìyè. Eben ni ìjòyè ń jù sókè bí ó ti ń jó láti júbà ọba. Ọ̀kan ń sọ̀rọ̀ àṣẹ, èkejì ń sọ̀rọ̀ ìtẹríba. Bákan náà ni ikegobo, tí wọ́n fi ń bọ ọwọ́ tí ènìyàn fi ṣe àṣeyọrí láyé, kò ṣeé pè ní ojúbọ lásán. Nígbà tí orúkọ padà, ètò ìjọba àti ìgbàgbọ́ padà pẹ̀lú rẹ̀. Ibi tí àkójọ yìí ti ga jù nìyí, iṣẹ́ èdè ló sì jẹ́.

4. Ojúbọ tó túká

Àléébù rẹ̀ farahàn bí ènìyàn bá kúrò nídìí orúkọ bọ́ sídìí ètò. Àkọsílẹ̀ tí ilé kọ̀ọ̀kan fi ránṣẹ́ ni ìpìlẹ̀ àkójọ náà: ohun kan, nọ́ńbà kan, ojú ewé kan. Ṣùgbọ́n ohun ọnà ojúbọ ọba kì í dá dúró. Orí idẹ ni wọ́n ń ti eyín erin gbígbẹ́ bọ̀ lókè. Agogo àti ọ̀pá ukhurhe wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ojúbọ ni odindi, orí idẹ jẹ́ apá kan. Lẹ́yìn 1897, ó ṣeé ṣe kí orí bọ́ sí ìlú kan kí eyín erin rẹ̀ bọ́ sí òmíràn. Bí àkójọ bá wá ń fi wọ́n hàn ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan, ó ń tẹ̀lé títú tí wọ́n tú wọn ká.

A kò gbọ́dọ̀ béèrè ohun tí kò ṣeé ṣe. Àwọn pátákó idẹ tí wọ́n ti fìgbà kan kàn mọ́ òpó ààfin, inú yàrá ìpamọ́ ni wọ́n ti bá wọn ní 1897. Ètò wọn lórí òpó ti dàrú kí àwọn ajagun tó dé. Kò sí kọ̀ǹpútà tó lè dá a padà. Ṣùgbọ́n ti ojúbọ yàtọ̀, nítorí pé ìwé, àwòrán àtijọ́ àti ẹnu àwọn àgbà ṣì ń ṣàlàyé bí wọ́n ṣe ń tò ó. Ibí gan-an ni ó yẹ kí ìlànà ilé ìkàwé ti wọlé, kí ojú ewé kan wà fún ojúbọ, kí ohun ọnà sì wà lábẹ́ rẹ̀ bí orí ṣe ń wà lábẹ́ ìwé.

5. Àwòrán kì í ṣe ìdápadà

Ewu kan wà nínú irú iṣẹ́ yìí, òun ni pé ẹni tí kò fẹ́ dá nǹkan padà lè sọ pé níwọ̀n ìgbà tí gbogbo ayé ti lè rí i, ibi tó wà kò ṣe pàtàkì mọ́. Èrò yìí kò fẹsẹ̀ múlẹ̀. A kì í fi àwòrán bọ ojúbọ. Síbẹ̀, ẹni tí kò mọ iye ohun rẹ̀ kò lè bèèrè rẹ̀. Jámánì fọwọ́ sí ìwé àdéhùn ní oṣù keje ọdún 2022, wọ́n sì gbé ohun 20 wá sí Abuja ní oṣù kejìlá. Ní ọdún 2025, ilẹ̀ Netherlands dá 119 padà. Ní oṣù kẹta ọdún 2023, ìjọba Nàìjíríà ti kéde pé Ọba Bìní ló ni àwọn ohun tí wọ́n bá dá padà. Bí a bá gbé iye wọ̀nyí sí ẹ̀gbẹ́ 5,246, yóò hàn pé ọ̀nà ṣì jìn. Ìwúlò àkójọ ni pé ó jẹ́ kí ìṣirò yìí ṣeé ṣe.

6. Ẹ̀kọ́ fún àkójọ Yorùbá

Ilé ìṣẹ̀ǹbáyé Èṣìẹ́, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní ọdún 1945, ni àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà; ọ̀pọ̀ ọgọ́rùn-ún ère òkúta ló wà níbẹ̀. Ìwé ìtàn ìlú ní èdè Yorùbá náà pọ̀, láti orí Ìwé Ìtàn Ìbàdàn tí I. B. Akínyẹlé tẹ̀ jáde ní ọdún 1911. Bí wọ́n bá fẹ́ so ìwé àti ère wọ̀nyí pọ̀, ọ̀rọ̀ àkọtọ́ ni yóò kọ́kọ́ dènà. Ìwé àtijọ́ ń kọ aiye, enia, nwọn. Àkọtọ́ ọdún 1974 sọ wọ́n di ayé, ènìyàn, wọ́n. Àwòrán ilẹ̀ ń kọ Oshogbo àti Ogbomosho. Nínú ètò Unicode tí kọ̀ǹpútà ń lò, ẹ àti ọ ní ààyè tiwọn, ṣùgbọ́n ẹ́, ẹ̀, ọ́ àti ọ̀ kò ní. Ṣe ni a ń fi àmì ohùn lé wọn lórí bí ohun ọ̀tọ̀. Bí ilé ìkàwé bá tẹ Èṣìẹ́ ní ọ̀nà kan, tí ilé ìṣẹ̀ǹbáyé tẹ̀ ẹ́ ní ọ̀nà mìíràn, ojú ènìyàn yóò rí orúkọ kan, kọ̀ǹpútà yóò rí méjì, ère kò sì ní bá ìtàn rẹ̀ pàdé.

Nítorí náà, kí ilé méjèèjì kọ́kọ́ fohùn ṣọ̀kan lórí orúkọ: orúkọ ìlú pẹ̀lú àmì ohùn, gbogbo ọ̀nà àtijọ́ tí wọ́n ń gbà kọ ọ́, àti ohùn ẹni tó ń pè é. Lẹ́yìn èyí ni kí wọ́n tó gbé kámẹ́rà.

7. Àgbálọgbábọ̀

Digital Benin fi hàn pé àgbájọ ọwọ́ ni a fi ń sọ̀yà. Ó fi hàn pẹ̀lú pé kíkó nǹkan jọ àti títò ó bí onílé ṣe ń tò ó kì í ṣe ohun kan náà. Iṣẹ́ tó kù níbẹ̀ kò sí lọ́wọ́ onímọ̀ kọ̀ǹpútà. Ó wà lọ́wọ́ àwọn tó gbọ́ èdè. Bí àwọn onímọ̀ èdè Yorùbá bá jókòó títí tí ẹlòmíràn fi bá wọn ṣe àkójọ tiwọn, orúkọ tí àlejò bá sọ ọmọ ni ọmọ yóò máa jẹ́.