Ilẹ̀ Alápáàdì: Iṣẹ́ Ọnà Tó Kápá Òjò àti Ọyẹ́

Ẹni tó bá ń tún àgbàlá ṣe nílẹ̀ Yorùbá gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ ro ti ojú ọjọ́, nítorí pé nígbà òjò ni àgbàrá ń wọ́ iyẹ̀pẹ̀ lọ, tí ọ̀ṣọ̀ọ̀rọ̀ ń gbẹ́ ihò sẹ́sẹ̀ ògiri, nígbà tí ọyẹ́ bá sì dé, ilẹ̀ kan náà a di eruku. Àwọn ará Ifẹ̀ àtijọ́ fi ilẹ̀ alápáàdì, ìyẹn àgbàlá, ojúbọ tàbí ọ̀nà tí wọ́n fi àfọ́kù ìkòkò tẹ́, yanjú ìṣòro méjèèjì. Àwọn awalẹ̀pìtàn, ìyẹn àwọn tó ń wa ilẹ̀ láti mọ ìtàn, gbà pé iṣẹ́ náà gbilẹ̀ láàárín nǹkan bí ọ̀rúndún 12 sí 15. Ó wà lára ohun tí awalẹ̀pìtàn Frank Willett wú jáde ní Ìta Yemòó ní Ifẹ̀, níbi tí wọ́n ti rí ère idẹ ní 1957. Ìtàn àtẹnudẹ́nu so ó mọ́ Ọọ̀ni Lúwo, obìnrin tó jọba, tí wọ́n ní kò fẹ́ kí ẹrẹ̀ kan òun lẹ́sẹ̀.

Ohun tí oníṣẹ́ ọwọ́ yóò kọ́kọ́ kan sáárá sí ni bí wọ́n ṣe to àfọ́kù náà, nítorí pé wọn kò tẹ́ ẹ pẹrẹsẹ, ńṣe ni wọ́n rì í mọ́lẹ̀ lóòró, tí etí rẹ̀ nìkan sì yọ síta. Èyí tí a bá tẹ́ pẹrẹsẹ a fọ́ bí ẹsẹ̀ bá tẹ̀ ẹ́, ṣùgbọ́n èyí tó dúró lóòró, tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ sì fún un mọ́ra, a gbé ẹrù ró, bí etí rẹ̀ bá sì ń jẹ díẹ̀díẹ̀, èyí tó pọ̀ jù ṣì wà nísàlẹ̀. Amọ̀ tí iná ti sun kì í sì í yọ́ sómi mọ́. Apáàdì tí òwe ní ó tó ko iná lójú tó ko òjò náà lójú.

Ẹwà iṣẹ́ náà kò yà kúrò lára agbára rẹ̀. Bí ẹsẹ kan bá dagun sọ́tùn-ún, èyí tó tẹ̀ lé e a dagun sósì, ìtò tí àwọn onímọ̀ ń pè ní egungun ẹja, tí kì í jẹ́ kí àfọ́kù kan sún kúrò láyè rẹ̀; níbòmíràn, wọ́n fi ọ̀wọ́ òkúta funfun wẹ́wẹ́ là á láàárín, kí àwọ̀ amọ̀ lè yọ dáadáa. Ẹni tó bá fẹ́ ṣe irú rẹ̀ lónìí lè lo àfọ́kù bíríkì sísun, ṣùgbọ́n kí ó gún ìsàlẹ̀ ilẹ̀ kí ó le, kí ó jẹ́ kí ojú rẹ̀ dà díẹ̀ síhà ojú àgbàrá, kí ó sì gbin peregún, tó ń fara da ẹ̀ẹ̀rùn, sí etí rẹ̀ láti di iyẹ̀pẹ̀ mú.